Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Fọ̀ Mọ́

Ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ ni ẹ̀gbọ́n Tínrín ṣubú sí. Òun àti Sójà tó ń bá a ṣiṣẹ́ jọ ń fún aṣọ ibùsùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, ọ̀kan di etí ọ̀tún mú, èkejì di ti òsì, wọ́n ń lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ okùn. Àfi bí Sójà ṣe rí i pé òun nìkan ló ń lọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀gá òun tún ti bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí obìnrin náà fẹ́ràn kó máa jọ̀wọ́ aṣọ lójijì kí Sójà lè fi ìdí jókòó sínú omi ọṣẹ. Ó ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín kó tó rí i pé omi tó ń ṣàn lọ sí ojú gọ́tà ti pọ́n.

Tínrín ń lọṣọ nínú yàrá kejì nígbà tó gbọ́ ariwo. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, ó sáré jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì náà jó gbẹ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rántí rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń bá obìnrin náà fà á tipẹ́. Kókó ti wà nínú ilé ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílé, ọkọ náà sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ kó tó di pé Tínrín dàgbà tó ẹni tó ń lo áyọ́ọ̀nù. Ohun tí gbogbo obìnrin ń rí lóṣooṣù lòun náà ń rí, àmọ́ tirẹ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó padà sílé. Á wé aṣọ mọ́ra, á máa ṣiṣẹ́ lọ. Tí Tínrín bá bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn dé ọsibítù, á ní kí òun kọ́kọ́ dá aṣọ oníbàárà padà ná. Aṣọ oníbàárà ò sì tán rí láyé.

Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan fa ìpéǹpéjú obìnrin náà sílẹ̀, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kò sì yọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní inú ìpéǹpéjú náà ti funfun bíi bébà. Ó ní kókó yẹn gbọ́dọ̀ jáde, pé dókítà àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ń bọ̀ láti ìlú mìíràn ní Ọjọ́bọ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ó wá tọ́ka sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún Tínrín, ó ní ibẹ̀ ni yàrá ẹ̀jẹ̀.

Yàrá náà kéré. Ibùsùn kan tí wọ́n fi rọ́bà bò ló wà níbẹ̀, àti fíríìjì kan tó ń kùn bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, àti nọ́ọ̀sì àgbà kan tó so dígí ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Nọ́ọ̀sì náà ò bá a ṣe àlàyé púpọ̀. Ó kàn ṣí fíríìjì náà kí Tínrín fojú ara rẹ̀ rí i. Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ìyókù jẹ́ yìnyín.

Nọ́ọ̀sì ní, "Méjì yìí, mo ń tọ́jú wọn de aboyún tó bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Lọ mú èèyàn mẹ́ta wá fún mi. Irú ẹ̀jẹ̀ yòówù kí wọ́n ní, a máa bá yín pààrọ̀ rẹ̀."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Tínrín ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì wo apá náà bí ẹni tí wọ́n ní kó ra ohun tí kò dé ọjà. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó mi orí pé kò wúwo tó. Nígbà tí Tínrín ò sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwọ̀n náà, àánú rẹ̀ ṣe é, ó gún un lọ́mọ ìka, ó sì kán ẹ̀jẹ̀ náà sínú ife omi búlúù kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá dáa máa rì lọ sísàlẹ̀. Ti Tínrín léfòó. Ó dúró lórí omi náà, ó rí roboto, kò lọ síbì kankan.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìwọ gan-an ni kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ fún, ọmọ mi."

Ojú ti Tínrín gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Òun ló ń yọ ẹran nínú àwo tirẹ̀ sínú ti Tínrín, tí á ní òun ò fẹ́ràn ẹran, irọ́ tí àwọn méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni. Gbogbo ẹran yẹn, gbogbo àwo yẹn, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó lè rì sínú omi ò ti ibẹ̀ jáde.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ gbà lọ. Bọ̀ọ̀dá ni àkọ́bí wọn, ó ń ta dígí ojú fèrèsé àti dígí ìwojú ní òpópónà ńlá, ó síngbọnlẹ̀, ó ní ọkọ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń kún inú yàrá. Nígbà tó gbọ́ pé àbúrò òun wà lórí ibùsùn ọsibítù, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń bi Tínrín léèrè bóyá ó ń jẹun, bóyá ibùsùn náà rọ̀. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀jẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ wà nínú gbogbo dígí tó wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú ojú yẹn tó wo Tínrín.

Ó ní, "Wọn kì í kàn fà á báyẹn. Wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ni wọ́n máa rí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ara rẹ̀ le koko lọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́jẹ̀, ó padà sílé pẹ̀lú orúkọ àrùn. Ẹni tó ń jẹ, tó ń sùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń rù."

Tínrín ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi máa kú."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò ní kú. Ẹ wá àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn yá. Ẹni yòówù kí ẹ rí, èmi ni màá fi ọkọ̀ gbé wọn lọ, màá sì gbé wọn padà dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Tínrín dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń ṣe.

Ó wá ku àwọn ará ibi iṣẹ́. Àwọn mẹ́ta ni, yàtọ̀ sí òun. Bàbá Búlúù ni olórí alágbàfọ̀, ó ti ń fọṣọ kí wọ́n tó bí Tínrín, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó tí kò ní ìlà mọ́. Sójà kì í ṣe sójà rárá. Ṣòkòtò kákí rẹ̀ àti bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ìyá Bọ́tìnì ló ń rán bọ́tìnì tó bá já àti ibi tó bá ya, obìnrin tó máa ń fi abẹ́rẹ́ sáàárín eyín kó lè ríbi pa ẹnu mọ́.

Wọ́n jókòó sábẹ́ okùn aṣọ ní ọ̀sán, aṣọ oníbàárà ń kán omi sí wọn léjìká, Tínrín sì sọ fún wọn. Bàbá Búlúù gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa tòun títí tí àpò fi máa kún. Sójà ni kò tètè gbà. Gbogbo wọn mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, orí òrùlé ni wọ́n ti lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá fún wọn lájẹsára nílé ìwé. Bàbá Búlúù ní pẹ̀lú irú ara yẹn, wọ́n lè bu garawa kan kí Sójà máa rò pé ẹ̀fọn ló jẹ òun. Sójà ní ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kọ́, pé òun gbọ́ pé ọkùnrin tó bá fún èèyàn lẹ́jẹ̀ kì í lè ṣe ojúṣe rẹ̀ nílé fún oṣù mélòó kan.

Ìyá Bọ́tìnì yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ tí ìyàwó rẹ ti ń ráhùn láti ọdún tó kọjá, ta lo ti ń fún lẹ́jẹ̀ látìgbà yẹn?"

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé Bàbá Búlúù fi etí aṣọ oníbàárà nu ojú. Sójà alára rẹ́rìn-ín, ó sì ní òun á lọ, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ẹnì kan bo òun lójú. Tínrín wá yíjú sí Ìyá Bọ́tìnì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé obìnrin tó ń dápàárá báyẹn ti gbà.

Ìyá Bọ́tìnì ní òun ò lọ.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní òun náà ti jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn rí. Ọmọbìnrin òun ló bímọ, ìkókó rẹ̀ ti jáde, ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ náà ni kò dá. Òun lọ káàkiri àdúgbò, òun kan ilẹ̀kùn tí ọmọ ìka òun fi wú. Kálukú ní ìdí. Ẹnì kan ní orí ń fọ́ òun, ẹnì kan ní ìyá òun kọ̀, ẹnì kan gbà, ó wọ bàtà, ó ní kí òun máa lọ níwájú. Òun ṣì ń wo ẹ̀yìn títí òun fi dé ọsibítù.

Ó ní, "Nígbà tí tèmi ń lọ, ta ló fún mi?"

Omi aṣọ ń kán. Obìnrin náà ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, ó fà á yọ, ó tún tì í bọ̀ ọ́, kò sì sí okùn nínú abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀gá àwọn nìkan ló wá jókòó ti òun lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọbìnrin òun tán, tí kò sọ pé kí òun má sunkún. Àwọn tó kù ló ń sọ pé kó tó. Ọ̀gá kàn ń ká aṣọ tí ọmọ náà fi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò ó.

Ó ní, "Màá lọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Inú Tínrín dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn débi pé ó jẹun. Ó rò pé apá tó le nínú iṣẹ́ náà ti tán.

Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, òfin kan wà tó ti pẹ́ ju gbogbo wọn lọ: aṣọ tó bá ní àbàwọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Bàbá Búlúù máa ń gbóòórùn abíyá ṣẹ́ẹ̀tì kó tó gbà kí wọ́n ká a. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi ta èèyàn lọ́rẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fọ̀ ọ́. Nítorí náà, nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn kí wọ́n lè tètè sinmi, Bàbá Búlúù ti kẹ́míìsì dé pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Ó tú u sórí tábìlì ìlọṣọ. Oògùn ibà wà níbẹ̀, oògùn aràn wà níbẹ̀, àti kápúsù aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń lò fún kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá la fẹ́ fún. Ṣé bó ṣe wà lára wa yìí la máa gbé e fún un? Ibà wà nínú rẹ̀, aràn wà nínú rẹ̀, ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wọn létí. Sójà ní kí wọ́n fi kún tòun, nítorí òun ò mọ ohun tí òun ti jẹ láyé. Ìyá Bọ́tìnì pàápàá na ọwọ́. Tínrín ló sáré lọ bu omi. Òun ló ń gbé ife náà láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn, tó ń wò wọ́n bí gògóńgò wọn ṣe ń lọ sókè sódò. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn tó ẹ̀gbọ́n òun. Òótọ́ sì ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bọ̀ọ̀dá wá gbé wọn bó ṣe ṣèlérí. Ó ti fọ ọkọ̀ rẹ̀. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń yìn wọ́n, ó ní èèyàn bíi tiwọn ò wọ́pọ̀ mọ́, ó ní tí kì í bá ṣe tiwọn, ayé ì bá ti bàjẹ́. Sójà jókòó níwájú, ó di ìgbànú ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì yàrá ẹ̀jẹ̀ rí wọn, ojú rẹ̀ sì là. Ó wọ̀n wọ́n, ó gún wọn lọ́mọ ìka. Sójà di ojú, ó ń kọ orin ìjọsìn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rì sínú omi búlúù náà bí òkúta. Tínrín pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ti ń tú àpò ẹ̀jẹ̀ tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè lọ bí ẹni tó ń ka ohun tó ti há sórí: ṣé wọ́n sùn, ṣé wọ́n jẹun, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ láìpẹ́, ṣé wọ́n lo oògùn kankan láàárín ọjọ́ mélòó kan yìí.

Bàbá Búlúù na àyà. Ó ní, "Gbogbo wa la lò ó. Lánàá yìí ni. Kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀ mọ́."

Ó wá ń ka orúkọ àwọn oògùn náà sílẹ̀, ó ń fi ìka kà wọ́n.

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì dúró. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀, ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wá jókòó sórí ibùsùn rọ́bà náà, ó sì ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní oògùn náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn báyìí, yóò sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ sára ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á. Ó ní ẹni tó bá ń lo kápúsù yẹn, òun gbọ́dọ̀ kà á sí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Sójà ní, "Mọ́mì, ẹ ṣe bí ẹni pé a ò sọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ti sọ ọ́."

Bàbá Búlúù ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó jáde sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ìka bọ ọ̀fun. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń gbìyànjú láti pọ ohun tó ti gbé mì lánàá. Ìyá Bọ́tìnì lọ dúró tì í, ó di ejìká rẹ̀ mú, ó ń sọ pé kó tó, kó tó, bàbá, kó tó.

Bọ̀ọ̀dá wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó rí i.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ̀yin náà wà níbi tí wọ́n ti lo oògùn?"

Bọ̀ọ̀dá ní rárá, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó ní tí òun bá rí ẹyọ kan péré, òun á mú méjì tó wà nínú fíríìjì kún un, òun á fi ara òun jìn, kí dókítà lè bẹ̀rẹ̀. Tínrín àti Sójà ń wo Bọ̀ọ̀dá. Ó tú bọ́tìnì ọwọ́ aṣọ rẹ̀. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan. Apá rẹ̀ dán, iṣan wà lórí rẹ̀ tó nípọn bí okùn aṣọ, nọ́ọ̀sì sì wò ó bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ. Bọ̀ọ̀dá wá ní òun rò pé òun gbé ọkọ̀ dí ọ̀nà àwọn tó ń gbé aláìsàn wọlé. Kí òun lọ sún un díẹ̀.

Ó lọ. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ dún. Wọ́n gbọ́ tó jáde ní géètì, tó sì dà pọ̀ mọ́ ariwo àwọn ọkọ̀ tó kù. Nọ́ọ̀sì gbé àpò ẹ̀jẹ̀ tó ṣófo náà dání fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀.

Tínrín lọ dúró ní géètì. Ó ń bẹ ẹni tó ń kọjá. Ẹnì kan ní òun ti pẹ́ fún iṣẹ́. Ẹnì kan gbàdúrà fún un, àdúrà tó gùn. Obìnrin kan bi í pé ṣé wọn ò ní ẹbí ni. Ó bi í tinútinú, kì í ṣe ìwọ̀sí. Nígbà tó padà wọlé, dókítà àgbà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tó kù, ó ti wẹ ọwọ́, ó ti lọ. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti funfun. Ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ó bi Tínrín bóyá wọ́n wá.

Tínrín ní wọ́n wá.

"Ìyá Bọ́tìnì náà?"

"Òun náà wá."

Obìnrin náà dijú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá ńkọ́? Ṣé òun náà fún mi?"

Tínrín ń tún aṣọ ibùsùn náà ṣe, aṣọ tí kò wọ́. Ó ní, "Òun ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà á, o ò mọ̀. Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo dúpẹ́."

Kò dé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Kò tiẹ̀ dé Ọjọ́ Àìkú.

Níbi ìsìnkú, kò sẹ́ni tó sunkún tó Bọ̀ọ̀dá. Èèyàn mẹ́ta ló dì í mú. Pósí tó rà dára, gbogbo ènìyàn ló sọ ọ́. Ìyá Bọ́tìnì ò padà wá sí ibi iṣẹ́ mọ́. Ó rán ẹnì kan wá kó àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bàbá Búlúù ṣì ń wá, ó ń fọ aṣọ kan náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, Sójà á sì rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á fún un, á sá a.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì yàrá ẹ̀jẹ̀ yà wọlé nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó rọra béèrè bóyá àwọn èèyàn ọjọ́sí lè wá báyìí, nítorí oògùn náà ti kúrò lára wọn, obìnrin kan sì wà níbùsùn lọ́hùn-ún. Tínrín wo ẹ̀yìnkùlé. Sójà gbọ́, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń sá aṣọ lọ. Bàbá Búlúù ò gbójú sókè. Tínrín sọ fún nọ́ọ̀sì pé wọn ò sí nílé. Nọ́ọ̀sì rí wọn kedere, àmọ́ ó ní kò burú, ó sì dágbére.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bọ̀ọ̀dá wá. Kò tíì wá láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì wá, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó wo ògiri, ó wo áyọ́ọ̀nù. Ó ti rù díẹ̀. Níkẹyìn ó béèrè ohun tí àbúrò òun sọ kó tó lọ, bóyá ó sọ nǹkan kan nípa òun.

Tínrín ti ń ro ìbéèrè yìí láti ìgbà náà. Ó ti to èsì rẹ̀ lóríṣiríṣi, àwọn kan le débi pé ó máa ń bẹ̀rù wọn. Ó wo ojú Bọ̀ọ̀dá, ó sì rí i pé kò sí èyí tó wúlò nínú wọn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n rò pé ẹ fún àwọn lẹ́jẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá di etí tábìlì mú. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Tínrín sì dúró dè é, ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kó má bàa jó o. Ó dúró pẹ́.

Bọ̀ọ̀dá béèrè ìgbà tí àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà máa ṣe tán.

Tínrín ní, "Lọ́la."